Kì í Ṣe Gbogbo Yíyún Ni Àtọ̀sí

Bí ẹ bá dúró sí Acme Road ní Ọ̀gbà ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn tó ṣiṣẹ́ ojúmọ́ ń jáde lẹ́nu géètì, tí àwọn tó máa ṣiṣẹ́ mọ́jú ń wọlé, ẹ ó gbọ́ ohùn kan tí kì í sinmi. Inú ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí wọ́n so mọ́ orí ọkọ̀ kékeré ló ti ń jáde. Ṣé ojú ara ń yún ọ? Ṣé ìtọ̀ ń ta ọ́? Ṣé nǹkan ń rìn ọ́ lára bí èèrà? Sitafí ni! Ó ti wọnú ẹ̀jẹ̀! Kí bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Agége tó kún, ìgò mẹ́rin márùn-ún ti tà. Àwọn tó ń rà á kì í wo ojú ara wọn. Wọ́n á kì í sínú báàgì, wọ́n á wọ ọkọ̀, wọ́n á kọjú sí fèrèsé.

Mo mọ ọ̀kan nínú wọn. Òṣìṣẹ́ káṣúà ni ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike. Ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè mí, nítorí a jọ gbé ilé kan rí ní Oníwáyà. Ó bá ọmọbìnrin kan sùn ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ó lo rọ́bà. Rọ́bà ò bẹ́. Nígbà tí wọ́n parí, ó gbé e sókè síbi iná, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ẹgbẹ̀rún náírà tó fura sí. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó bọ́ sí balùwẹ̀, ó bu omi apakòkòrò tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbẹ́, kò là á, ó fi fọ ojú ara. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè mọ́, ibẹ̀ ń yún, ó ń ta, ó sì pọ́n. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti kó nǹkan," ohun tó sọ fún mi nìyẹn.

Ọkùnrin tó ń ta oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní dókítà, ta Cipro àti Flagyl, antibáyótíìkì méjì, fún un. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ohun funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lábẹ́ awọ. Ó gba ọ̀dọ̀ ìyá alágbo lọ, ó mu agbo tí wọ́n fi ọtí líle rẹ. Ó lọ sí láàbù kan lójú títì, wọ́n fi òwú nu ibẹ̀, wọ́n sì fún un ní ìwé: Sitafí. Abẹ́rẹ́ mẹ́wàá tẹ̀ lé e. Oṣù méjì gbáko ni, owó àjọ tó ń dá kí ó lè gba yàrá tirẹ̀ sì ti wọlé ẹni ẹlẹ́ni. Nígbà tí mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba níkẹyìn, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí àtọ̀sí kankan. Ó wá bi í léèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi í láti oṣù méjì: "Kí lo fi ń fọ ibẹ̀?"

Èrò tó gbòde láti Ìkẹjà dé Agége, tí ẹ ó bá lẹ́nu kẹ́míìsì, lẹ́nu alágbo, lẹ́nu fóòmánù àti lẹ́nu pásítọ̀, kò ju báyìí lọ: bí èèyàn bá ti bá ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀ lò pọ̀, tí nǹkan kan sì yí padà lójú ara, àrùn ti wọlé. Rọ́bà ò lè dá a dúró. Kí ó yáa tètè gbé oògùn mì, kí ó "flọ́ọ̀ṣì" ara rẹ̀, nítorí ẹni tó bá ń dúró de àyẹ̀wò ń fún àrùn láyè ni. Ìṣọ́ra ni wọ́n ń pe èyí. Èmi ò gbà. Ọgbọ́n àti má mọ ohun tó ń ṣe wá ni, owó iyebíye la sì fi ń rà á.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí rọ́bà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń purọ́ mọ́. Kòkòrò àtọ̀sí, ti kilamídíà àti HIV ò lè gba ara rọ́bà tó wà ní odindi kọjá. Inú omi ara ni wọ́n ń gbé: àtọ̀, omi ojú ara obìnrin, ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ rọ́bà ni pé kí omi ìhín má kan omi ọ̀hún. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó ìwádìí jọ lórí àwọn lọ́kọláya tí ọ̀kan ní HIV tí èkejì ò ní, wọ́n rí i pé lílò ó nígbà gbogbo dín kíkó àrùn náà kù ní nǹkan bí ìdá 80 nínú 100, wọn ò sì yọ àwọn tó ń wọ̀ ọ́ ségesège kúrò nínú ìṣirò. Mi ò ní wá purọ́ gba ìdàkejì. Rẹ́kórẹ́kó, hápíìsì àti kòkòrò HPV tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ lè wà lára awọ tí rọ́bà ò bò, ààbò rẹ̀ lórí àwọn wọ̀nyí kò tó ti àtọ̀sí. Ẹni tó bá rí egbò, ì báà má dùn ún, kí ó lọ fi han dókítà. Ṣùgbọ́n láti orí "kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dí" dé orí "kò dí nǹkan kan", ọ̀nà jìn.

Rọ́bà tó sì ń bẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà àwa la bẹ́ ẹ. Ọkùnrin á fi sínú pọ́ọ̀sì, á jókòó lé e nínú dánfó láti Ìjù dé Ìkẹjà, á tún gbé e wọ ibi iṣẹ́ tí ooru ẹ̀rọ ti ń yọ́ ike, á wá mú un jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, á ní kò dára. Òmíràn á fi òróró pa á kí ó lè yọ̀: Vaseline, àdí àgbọn, òrí, ìpara tó bá ṣáà wà lórí tábìlì. Òróró ọ̀tá rọ́bà ni, ìṣẹ́jú mélòó kan tó kí ó sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ ń wọ méjì léra, tí ọ̀kan ń ha èkejì ya. Mélòó nínú wa ló ti wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ rí? Bí ó bá sì bẹ́ lóòótọ́, tí ẹ ò mọ ipò ẹni kejì, ẹ má lọ sọ́dọ̀ alágbo. Oògùn kan wà ní ilé ìwòsàn tó lè dí HIV lọ́wọ́ kí ó má fìdí múlẹ̀, wákàtí 72 péré ni ẹ ní láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bó bá sì ti yá ló dára, ọjọ́ 28 ni ẹ ó sì lò ó. Ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù ti wúlò, nítorí ó ní aago.

Àrùn náà ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀, òun gan-an ló sì ń tú irọ́ wa fó. Lára ọkùnrin, àtọ̀sí sábà máa ń fara hàn láàárín ọjọ́ méjì sí márùn-ún, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá dé, kì í sábà jẹ́ yíyún lásán, ọyún ló ń jáde, ìtọ̀ a sì máa ta bí ẹni tọ iná. Kilamídíà máa ń gba ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Egbò rẹ́kórẹ́kó máa ń yọ ní nǹkan bí ọjọ́ kọkànlélógún, ó lè yá dé ọjọ́ mẹ́wàá, ó sì lè pẹ́ dé ọjọ́ 90. HIV kì í yún ojú ara ẹnikẹ́ni. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń gún ní ìka ló ń sọ ọ́, ó sì di oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìbálòpọ̀ náà kí èèyàn tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí ohun tó bá sọ. Ẹni tó bá sùn ti ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ lálẹ́ Sátidé, tí ara rẹ̀ wá ń yún láàárọ̀ Sọ́ńdè, kí ó lọ bi ọṣẹ rẹ̀ léèrè.

Tàbí kí ó bi òsàn wẹ́wẹ́, omi iyọ̀ àti álọ́ọ̀mù tí àwọn obìnrin ń kì bọ abẹ́ kí ó lè "fún", kí ó bi bíléèdì tí wọ́n fi fá irun, kí ó bi pátá ọ̀rá tí èèyàn wọ̀ láàgùn fún wákàtí méjìlá lẹ́nu ẹ̀rọ. Ohun yíyọ̀ tí wọ́n fi sára àwọn rọ́bà kan, pàápàá èyí tó ní oògùn apàtọ̀ tàbí tó ń ta sánsán, lè mú awọ bínú. Àwọn díẹ̀ sì wà tí ara wọn kọ rọ́bà látilẹ̀, tó jẹ́ pé kí wọ́n wá irú míì ló kù. Ọ̀kan nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù ni yíìsì, ohun funfun bí wàrà tó dì, tó ń yún obìnrin, tí kì í sì í yọ ọkùnrin sílẹ̀. Nǹkan bí mẹ́ta nínú obìnrin mẹ́rin ló ń rí i ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láyé wọn, àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ obìnrin tí kò mọ ọkùnrin rí náà sì wà níbẹ̀. Kì í ṣe àrùn ìbálòpọ̀. Ọ̀kan nínú ohun tó ń jí i dìde ni antibáyótíìkì, èyí tó ń pa àwọn kòkòrò rere tó ń ṣọ́ ọ. Ohun funfun tí ọ̀rẹ́ mi rí lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún nìyẹn. Cipro tó lò ló bí i.

Sitafí ńkọ́? Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ níbí, nítorí orúkọ yìí ti sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di olówó. Oníṣẹ́ abẹ ará Scotland kan, Alexander Ogston, ló rí kòkòrò yìí nínú ọyún éèwo ní nǹkan bí ọdún 1880. Ó rí wọn ní ìdì-ìdì bí èso àjàrà, ó sì fún wọn ní orúkọ Gíríìkì tó jẹ mọ́ àjàrà. Láti ìgbà náà a ti mọ̀ pé inú imú nǹkan bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló ń gbé jẹ́jẹ́, láìṣe wọ́n ní nǹkan kan. Àwọn ẹbí rẹ̀ wà lára awọ gbogbo wa. Ó lè fa éèwo, ó lè ba ojú ọgbẹ́ jẹ́, bó bá wọnú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń ṣàìsàn ó lè pa á. Mi ò fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi òwú nu awọ èèyàn, tí ẹ kó o lọ sí láàbù, Sitafí ni ẹ ó rí, bí ẹni tó wọ ọjà Agége tó ní òun rí búrẹ́dì. Ẹ nu imú alága ìjọba ìbílẹ̀, ẹ lè bá a níbẹ̀. Kò sọ pé alága ṣe ìṣekúṣe. Láàbù tó bá kọ "Sitafí" sórí ìwé láìsí ẹnikẹ́ni tó bi aláìsàn bóyá ọyún ń jáde, bóyá ibà ń ṣe é, kò ṣe àyẹ̀wò. Ó kọ ìwé àṣẹ fún oníṣòwò tó kàn ni.

Mo sì rò pé mo mọ ìdí tí orúkọ náà fi rọ̀ wá lọ́rùn. Àtọ̀sí ní ìtìjú nínú. Bí èèyàn bá ní àtọ̀sí, a mọ ibi tó ti rí i. Sitafí ò ní ìtàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni "àrùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì" tí a dá lé ilé ìgbẹ́ ilé-iṣẹ́ lórí, níbi tí ọgọ́ta èèyàn ti ń lo ihò kan. Ilé ìgbẹ́ wọ̀nyẹn burú, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ó yẹ kí àwọn ọ̀gá wọn jẹ́jọ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò àtọ̀sí kì í pẹ́ kú bó bá ti kúrò lára èèyàn, kì í dúró sórí àwo ilé ìgbẹ́ de ẹni tó máa jókòó. Ọkọ tó kó o wálé ni tọ́ílẹ́ẹ̀tì ń gbà sílẹ̀. Ìyàwó á gba oògùn, ọkọ ò ní gbà, lóṣù tó ń bọ̀ á tún padà, wọ́n á sì tún dẹ́bi fún ihò.

Ibi tí gbogbo ètò yìí ti dojú rú nìyí. Àwọn tí ara ń yún ló ń sá kiri, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ní àrùn gan-an ò mọ nǹkan kan lára. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020 nìkan, èèyàn mílíọ̀nù 374 ló kó ọ̀kan nínú àrùn ìbálòpọ̀ mẹ́rin tó ṣeé wò: mílíọ̀nù 156 kó tirikomónásì, mílíọ̀nù 129 kó kilamídíà, mílíọ̀nù 82 kó àtọ̀sí, mílíọ̀nù méje àti díẹ̀ kó rẹ́kórẹ́kó. Iye tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò rí àmì kankan, tàbí tí wọ́n rí èyí tí wọn ò kà sí. Ọmọbìnrin tó ń di bisikíìtì sínú páálí ní Agídìngbí lè ní kilamídíà fún ọdún kan, kí ó má yún un, kí ó má ta á. Ọjọ́ tó bá lọ́kọ tó ń wá ọmọ ni yóò gbọ́ pé ihò tí ẹyin ń gbà ti dí. Yíyún tí à ń bẹ̀rù kò ṣe ẹlẹ́rìí fún ohunkóhun lórí irú èyí. Àyẹ̀wò tó bọ́ sí ọjọ́ tó yẹ nìkan ló lè jẹ́rìí, yálà ara ń yún tàbí kò yún.

Oògùn tí a fi ń "flọ́ọ̀ṣì" gan-an wá ńkọ́? Ní ọdún 1976, àwọn dókítà ní ìlú Òyìnbó rí àtọ̀sí tí penisilíìnì ò ràn mọ́. Orírun méjì ni wọ́n tọpa rẹ̀ dé: ọ̀kan ní gúúsù ìlà oòrùn Éṣíà, èkejì ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ọ̀dọ̀ tiwa níbí. Ní 2007, Amẹ́ríkà ní kí àwọn dókítà rẹ̀ yé lo Cipro àti àwọn ẹbí rẹ̀ fún àtọ̀sí nítorí kòkòrò ti mọ̀ ọ́n jà. Ní 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ohun kan náà fún gbogbo ayé. Abẹ́rẹ́ seftiriásónì ni wọ́n wá gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ní Agége, Cipro ṣì ni oògùn àtọ̀sí. Oògùn tí kò lè wo ẹni tó ní in mọ́ ni à ń tà fún ẹni tí kò ní in, kòkòrò tó kù lára wa sì ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́.

"Ṣùgbọ́n èmi lò ó, ó sì lọ." Mo ti gbọ́ èyí débi pé mo lè sọ ọ́ lójú oorun. Àkùkọ kọ, ilẹ̀ mọ́. Bí àkùkọ ò bá kọ, ṣé òkùnkùn là bá wà títí di òní? Awọ tí rọ́bà ha tàbí tí ọṣẹ bó ń san fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ kan, iye ọjọ́ tí wọ́n ń lo Cipro gẹ́lẹ́. Kẹ́míìsì gba ìyìn ohun tí ara ṣe.

Àtakò kan wà tí mi ò lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní ó rọrùn fún ẹni tó ń kọ̀wé nínú yàrá láti sọ pé "ẹ lọ ṣàyẹ̀wò". Òṣìṣẹ́ káṣúà tí kò bá wọ iṣẹ́ lónìí kò ní gba owó òní; bó bá ṣe ọjọ́ méjì, ẹlòmíràn ti wà lẹ́nu ẹ̀rọ rẹ̀. Bó bá wá dé ilé ìwòsàn, á tò láti agogo méje, nọ́ọ̀sì á sì bi í sókè, létí àwọn ìyá ìkókó, pé "Kí ló ń ṣe ọ́ níbẹ̀? Ṣé o ti gbéyàwó ni?" Kẹ́míìsì ò bi í ní nǹkan kan. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló fi parí. Òótọ́ ni gbogbo èyí, mo sì rò pé ẹnu nọ́ọ̀sì yẹn ti ta Cipro ju ẹ̀rọ agbóhùnsókè lọ. Síbẹ̀, àyẹ̀wò HIV kì í gba owó ní ilé ìwòsàn ìjọba. Àwọn ilé oògùn ń ta èyí tí èèyàn lè fi itọ́ ẹnu ṣe fúnra rẹ̀ nínú yàrá, tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé àwọn ọ̀gá iṣẹ́ á gbọ́, kí ó mọ̀ pé láti 2014 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà tó ní agbanisíṣẹ́ ò gbọdọ̀ sọ àyẹ̀wò HIV di ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ ṣe kí ó tó rí iṣẹ́. Àti pé ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lo rọ́bà nílò kò ju omi lásán àti ọ̀sẹ̀ kan lọ. Iye wo ni ọ̀sẹ̀ kan?

Nísinsìnyí ni mo kan àwọn tó ń bí mi nínú jù. Kì í ṣe alágbo, òun kúkú ń wá oúnjẹ. Àwọn àgbà tó mọ̀ pé irọ́ ni, tí wọ́n ní kí irọ́ náà máa bá iṣẹ́ lọ, ni mò ń bá wí. Wọ́n ní ìbẹ̀rù dára fún ọ̀dọ́. Bí a bá ní rọ́bà ń ṣiṣẹ́, a ti fún wọn ní ìwé ìrìnnà. Láyé àtijọ́, wọ́n ní mágùn ló ń mú kí ọkùnrin bẹ̀rù aya aláya. Ó dà bíi pé mágùn náà ló wọ aṣọ funfun láàbù, tó yí orúkọ padà sí Sitafí.

Ẹ wo ibi tí ìbẹ̀rù gbé wa dé. Ilé kan wà ní Òpópónà Gbémisọ́lá, Ìkẹjà, tó ti di mùsíọ́ọ̀mù Kàlàkútà. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, olórin nì, ló gbé ibẹ̀, iwájú rẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Fẹlá ò gba rọ́bà gbọ́, ó ní kì í ṣe ohun tó bá Áfíríkà mu, ó sì fi kọ orin lórí ìtàgé. Ó kú ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1997. Kò pẹ́ rárá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, fi kó àwọn oníròyìn jọ, tó sì sọ ọ́ ní gbangba pé àrùn éèdì ló fa ikú àbúrò òun. Nílẹ̀ tí a ti ń sọ pé "àìsàn ránpẹ́" ló pa olóyè, ọ̀rọ̀ yẹn le. Ọ̀pọ̀ ò fẹ́ gbà á gbọ́. Ohun tí mo rí nínú ìṣe ọ̀jọ̀gbọ́n náà ni pé ó pe àrùn ní orúkọ rẹ̀, ó sì sọ ohun tí èèyàn lè ṣe sí i. Ìdajì la gbà lọ́wọ́ rẹ̀. A gba ẹ̀rù, a fi orúkọ sílẹ̀. Ní 1997, ẹni tí kò lo rọ́bà ní kò sí àrùn. Lónìí, ẹni tí kò lò ó ní àrùn wà, ṣùgbọ́n rọ́bà ò lè gbà á. Ọgbọ̀n ọdún ń bọ̀, a kàn gba ojú ọ̀nà míì padà sí ibi kan náà ni.

Mi ò fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ẹ jókòó ti àwọn ọmọ wọ̀nyí nídìí ọtí ní abẹ́ afárá Pen Cinema, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ọ̀kan á ní: mo lo rọ́bà, mo ṣì kó Sitafí, kí ni mo tún fẹ́ fi rọ́bà ṣe? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Bí ohun tí wọ́n sọ fún un bá jẹ́ òótọ́, ìpinnu rẹ̀ tọ̀nà. Àyẹ̀wò Sitafí kan tí kò ní ìtumọ̀, abẹ́rẹ́ mẹ́wàá tí kò ní iṣẹ́, wọ́n ti já ààbò kan ṣoṣo tó ní gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá wá pàdé àtọ̀sí gidi tàbí HIV, yóò pàdé rẹ̀ níhòòhò. Ìwádìí ńlá tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, ẹni 1.4 ló ní HIV. Iye yẹn kéré ju ohun tí gbogbo wa ń bẹ̀rù lọ, rọ́bà sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ó kéré. Àwọn tó ń fi irọ́ dẹ́rù ba ọ̀dọ́ nítorí ìwà mímọ́ kì í sì í wà nílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ka èsì.

Ọ̀rẹ́ mi ti gbádùn. Ìpara yíìsì àti omi lásán ni, kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, ó lọ gún ìka, kò sí nǹkan kan. A pàdé ní ìdúró ọkọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, ó ń ka iye tó ná fún mi láìsí pé mo bi í. Mo wá béèrè àwọn oògùn tó ṣẹ́ kù, nítorí mo rántí pé káàdì Cipro kan àti ààbọ̀ ṣì wà lórí fèrèsé rẹ̀.

"Mo ti fún ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa," ó ní. "Ẹ̀rọ kan náà la jọ ń lò."

Mo ní, "Ó ti lọ ṣàyẹ̀wò ni?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ó ní ó kàn ń yún òun ni."